Ọdún Tí Màámi Lọ Ọjà Tí Wọn Ò Tètè Dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò lè sùn àfi kí n di etí ẹnìkan mú. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ìka ọwọ́ òsì mi méjì á wà lẹ́nu, mò ń mu ún bí ọmọ ọmú, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa wá etí kiri. Etí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ń fẹ́, ibi rírọ̀ tí wọ́n máa ń lu fún yẹtí. Màá máa fi ìka ra á díẹ̀díẹ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ. Etí Màámi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Etí wọn tutù, ó rọ̀, wọn kì í sì í yẹrí. Ìgbà tí kò sí etí Màámi nílé mọ́ ni ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ilé, nítorí láti ọjọ́ náà lọ, kò sí etí kan ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí. Eyín ẹ̀yìn ti ń mì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá nílé mi lẹ́yìn Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń pè mí ní Màmá Láńlédì. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á pa rédíò. N kì bá tí rántí ọ̀rọ̀ etí mọ́ bí kì í bá ṣe ti dókítà obìnrin kan tí mò ń lọ rí. Dókítà ọpọlọ ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gba oògùn lọ́wọ́ wọn, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú tí oorun sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti oorun. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà tí a lè gbà sọ ọ́ tí kò fi ní ta èèyàn létí, mo sì mọ gbogbo wọn, torí ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo fẹ́ kú ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Gàní, ló gbé mi lọ sí ọsibítù, Màámi náà sì tẹ̀ lé wa, tàwọn ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. Èmi ni dókítà ń bi ní ìbéèrè, Bọ̀ọ̀dá Gàní ló ń dáhùn. “Màmá, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ṣé ẹ máa ń jẹ èékánná? Ṣé ẹ máa ń mu ìka? Ṣé ẹ ní àṣà kan tí ẹ ò lè fi sílẹ̀?” “Rárá o, dókítà. Kò sí irú ẹ̀ nílé tiwa.” Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo wo etí rẹ̀ méjèèjì, etí tí mo fi ẹran ọbẹ̀ mi háyà fún odidi ọdún kan, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí níbi tí mo ti ń wá ikú. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá gbà á gbọ́, yóò fún wa ní oògùn, yóò ní ká máa lọ sílé. Èmi sì mọ̀ nínú ara mi pé ilé kọ́ ló yẹ kí n lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ni mi ò lè là.

Kí ẹ tó bínú sí Bọ̀ọ̀dá Gàní, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí wọ́n bí wa sí. Nílé wa, a kì í fi ẹnu sọ aburú. Òfin Ìyá àgbà ni, ìyá tó bí bàbá wa, kò sì sẹ́ni tó lè rú u. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, wọ́n á ní ara rẹ̀ ń le. Bí ẹnìkan bá kú, ó rìnrìn àjò ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ejò kò ní orúkọ mọ́, okùn ni wọ́n ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Baba wa sáré jáde láti yàrá, wọ́n ń pariwo pé, “Okùn wọlé o! Okùn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!” Èmi tí mo ti ń wá okùn àgbò iléyá láti àárọ̀ ni mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo forí lé yàrá. Bùbá mi ni Ìyá àgbà gbá mú látẹ̀yìn. “Ọmọ yìí, ṣé o ò gbédè ni?” Mo ní mo gbọ́, wọ́n ní okùn ni. Ìyá àgbà wo Baba, Baba wo ilẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹranko náà fún mi. Ọmọdé tó bá dàgbà nírú ilé bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ, èmi ò sì tètè kọ́ ọ.

Ariwo ló ń jí wa nílé yẹn. Baba wa ń ṣe iṣẹ́ awọ, tìmùtìmù ni wọ́n ń rán, aláwọ̀ pupa, dúdú àti funfun, òòlù igi wọn á sì ti máa lu awọ gbì, gbì, gbì kí ojú tó mọ́ dáadáa. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì ni Àfáà Búsàrí ti ń kó àwọn ọmọ kéú jọ, wọ́n á máa ké pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ké, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń ké ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ìyá àgbà á ti wà nídìí ọlọ. Bọ̀ọ̀dá Gàní ló ń fún àgbò lóúnjẹ, èmi ló ń gbálẹ̀ tó sì ń ṣa àjákù awọ lábẹ́ ẹsẹ̀ Baba. Ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ láàárọ̀, èkuru àti ata díndín ní ọjọ́ Jímọ̀. Nínú gbogbo ariwo yìí, ohùn Màámi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ilé Aládùúrà ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó fẹ́ Baba wa, bí wọ́n bá sì ń fọ abọ́, orin ìjọ àtijọ́ á máa bọ́ sí wọn lẹ́nu, Ìyá àgbà á wúkọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí i padà sí wákà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n bí àbúrò wa ọkùnrin, Múrítàlá. A sọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu, lẹ́yìn náà ni Màámi dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Wọ́n á jókòó ti ògiri ilé ìdáná, wọ́n á máa fa òwú etí ìró wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìṣẹ́tí ìró náà á fi tú pátápátá. Ọmọ á ké, wọ́n á wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ará àdúgbò. Bí Ìyá àgbà bá béèrè pé kí ló dé, wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan, Ìyá. A dúpẹ́.” Ìyá àgbà náà á ní, “Alihamudulilai.” Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, kò sí etí lọ́wọ́ mi. Ọsibítù ni wọ́n gbé wọn lọ, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tọmọ-tọmọ, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀, kì í sì í ṣe pé ẹnìkan jókòó sọ fún mi. Mo kàn ń so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, ohun tí Ìyá àgbà sọ fún mi ni pé, “Ìyá rẹ lọ sọ́jà.”

“Ọjà wo?” “Ọjà Ìkòyí-Ilé.” “Kí ni wọ́n lọ rà?” Ìyá àgbà ronú díẹ̀. “Iṣu.” Mo gbà, torí mo mọ̀ pé iṣu pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà yí po, wọn ò dé. Ó tún yí po. Mo ní iṣu tí wọ́n ń rà yìí á pọ̀ o, n ò sì fẹ́ kí wọ́n dé kí wọ́n má ríbi kó o sí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀yìn ilé ìdáná nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń gbá a, mo tu koríko, mo ṣa òkúta, mo lé adìẹ. Bí aládùúgbò bá béèrè pé, “Sìdí, ìyá ẹ dà?”, màá fi ọwọ́ sí ìbàdí, màá ní, “Wọ́n lọ ra iṣu,” màá sì fi ààyè náà hàn wọ́n. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣu náà ta. Ẹnìkan tiẹ̀ bá Ìyá àgbà sọ ọ́ pé ọmọ yín yìí á mọ òwò ṣe.

Lọ́sàn-án, ààyè iṣu. Bí oorun bá dé, etí. Ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ bá. Wọ́n gbà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ní ihò yẹtí àwọn ti ń fẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè mọ́ etí méjèèjì kí wọ́n tó sùn, bí ẹni tí eyín ń dùn. Baba wa ní etí, ṣùgbọ́n irun wà nínú rẹ̀, ó ń rin mí lọ́wọ́. Ó wá ku Bọ̀ọ̀dá Gàní. Ìyẹn ní kò sí etí ọ̀fẹ́. Ẹran kan fún etí kan. Bí ọbẹ̀ náà bá ní pọ̀nmọ́, àá jọ dúnàádúrà. Mo jẹ oúnjẹ láìsí ẹran fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sanra, Ìyá àgbà sì ń yìn ín fún àwọn àlejò pé oúnjẹ ń ran ọmọ yìí. Bí mo bá rí i lónìí nínú agbádá rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Alhaji, mo máa ń wò ó pé èmi ni mo fi ìpìlẹ̀ ara yẹn lélẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé ṣe ìpàdé lórí ìka mi. Wọ́n ní ìka mímu àti etí fífà ti di ìṣòro, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sí i. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń wò wọ́n. Baba wa ń tu irùngbọ̀n ara wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Àfáà Búsàrí ń mi ẹsẹ̀ débi tí àga onígi fi ń dún. Ìyá àgbà ń ṣẹ́ oríkèé ọwọ́, kà, kà, kà. Bọ̀ọ̀dá Gàní ń jẹ ọrùn ẹ̀wù. Gbogbo wọn panu pọ̀ pé àṣà burúkú ni kí èèyàn ní ohun tí kò lè yé ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ fi oje ewúro kun ìka mi. Mo mu ún pẹ̀lú omijé fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi, títí di òní ọbẹ̀ tí kò bá korò díẹ̀ kì í jọ ọbẹ̀ lójú mi. Wọ́n fi ata kùn ún, mo fi ìka náà nu ojú, ariwo tí mo pa tú kéú ká. Àfáà ṣe hàntú fún mi, wọ́n fi omi fọ ọ̀rọ̀ kéú orí wàláà, wọ́n fi oyin sí i, mo mu ún tán, mo ní ṣé ó kù.

Baba wa ló wá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n fi awọ pupa rán ìbọ̀wọ́ fún mi, wọ́n fi òwú funfun ṣe ọnà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ó rẹwà ju ohun tí ó yẹ kí ìyà rẹwà lọ. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kéú, mo ń gbé ọwọ́ sókè láti fi lé eṣinṣin tí kò sí. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ kéú fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìka níwájú àwọn bàbá wọn. Àwọn bàbá wá bá Baba wa, wọ́n ń bínú, wọ́n ní àrùn wo lọmọ yín fi ran tiwa yìí? Baba wa, oníṣẹ́ ọwọ́, ní ṣé pupa ni wọ́n fẹ́ àbí dúdú. Ìyá àgbà ló tú u kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn ilé, àgbò iléyá sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àfáà ni mi ò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́jọ́ kan, ooru mú, Àfáà fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, oorun sì mú wọn lọ. Èmi ló jókòó sún mọ́ wọn jù. Oorun ń kùn mí, ìka ti wọ ẹnu, ọwọ́ kejì dìde láìbi mí. Mo di etí Àfáà mú. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Wọ́n fò dìde, ojú ṣì wà ní dídì, wọ́n kígbe pé, “Mo ti rántí, Àfáà! Mo ti rántí!” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké súrà kan kíákíá láti òkè. Wọ́n rò pé olùkọ́ wọn tó ti kú látọjọ́ pípẹ́ ló tún fà wọ́n létí pé wọ́n ṣi kéú kà. Àwọn ọmọ náà rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń gbè é lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Àfáà lajú tí wọ́n rí ọwọ́ mi lókè, mo kúkú múra sílẹ̀ fún ẹgba. Wọn ò nà mí. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fa àwọn létí. Wọ́n wá dìde, wọ́n lọ bá Ìyá àgbà nídìí ọlọ. “Ìyá, ọmọ yìí ń wá ìyá rẹ̀ ni o.” Ìyá àgbà ò gbójú sókè. “Àfáà, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu wa sọ rere.” Àfáà padà sórí àga wọn, ẹsẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àbúrò Màámi, Àǹtí Ráṣẹ́ẹ̀lì, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn àti ìgò omi àdúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwọn, mọ́ṣáláṣí ni tiwa, ṣùgbọ́n a jọ ń jẹun ni. Bí wọ́n ṣe jókòó ni wọ́n ní, “Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ó ti ń jẹun báyìí. Ọmọ náà sì ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní tó bá ń sùn bẹ́ẹ̀, wọn á jẹ́ kó máa bọ̀ wálé.” Ìyá àgbà ṣẹ́jú sí wọn, ó ti pẹ́ jù, mo ti gbọ́. Mo yọ ìka lẹ́nu. “Àwọn wo ni kò jẹ́ kí Màámi máa bọ̀ láti ọjà?” Àǹtí Ráṣẹ́ẹ̀lì mu omi àdúrà tí wọ́n gbé wá fún mi. Ìyá àgbà wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Àwọn oníṣu.”

Ọjọ́ náà ni mo fi èékánná jíjẹ kún un. Ṣé ẹ rí i, tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọjà ló ń pẹ́. Báyìí, àwọn oníṣu Ìkòyí-Ilé ti mú ìyá mi mọ́lẹ̀. Mo rò ó títí pé bóyá iṣu ni wọ́n fẹ́ kí a fi gbà wọ́n padà, a ò sì ní iṣu, ààyè iṣu nìkan la ní. Bí a bá ń ṣe àdúrà ní kéú, gbogbo ọmọ á máa bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí gígùn, èmi á máa fi àwọn oníṣu sùn. Títí di àìpẹ́ yìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá gba yàrá tó ní ọmọ Ìkòyí-Ilé ni òun, mo máa ń kọ́kọ́ fajú ro kí n tó rántí pé wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rín ni mò ń fi sọ ọ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí lọ́dún náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Gbogbo ilé ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, ìka mi ni wọ́n ń wò, wọn ò bi mí léèrè ohun tí mò ń rò.

Màámi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Takisí ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, Múrítàlá wà lẹ́yìn wọn, ó ti tóbi, ó ti ń wo èèyàn bí ẹni mọ nǹkan. Màámi ti rù. Òòlù Baba dákẹ́, kéú dákẹ́, gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, ẹnìkan ò jẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́ra, “Ẹ kú ọjà o! Ẹ kú àbọ̀ ọjà! Ọjà á tún tà o!” Màámi dúró láàárín wọn. Wọ́n wo ojú kan, wọ́n wo òmíràn, wọ́n wá ní, “Ẹ ṣé o.” Àǹtí Ráṣẹ́ẹ̀lì tó mú wọn wálé ti ra wàrà lọ́nà kí irọ́ náà lè rí nǹkan jẹ, wọ́n gbé igbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo yẹ abẹ́ igbá wò. Mo yẹ ẹ̀yìn takisí wò. “Màámi, iṣu dà?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédé, mo rí i pé omi ti kún ojú wọn. “Iṣu wọ́n, ọmọ mi. Iṣu wọ́n púpọ̀.” Inú mi dùn débi pé mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Baba wa padà sídìí awọ, Ìyá àgbà gbin ẹ̀fọ́ sí ààyè iṣu, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò sẹ́ni tó tún dá a sọ nílé wa mọ́ títí Baba àti Ìyá àgbà fi kú.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe irọ́ lásán ni Bọ̀ọ̀dá Gàní ń pa fún dókítà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ṣe ń ṣe. Ó sì tún ní ìdí mìíràn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn àna tuntun ń bọ̀ nílé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bàsírà. Ẹ sáà mọ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí kí a tó fẹ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé, ṣé wọn kì í ya wèrè nílé wọn? Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. A kò sì fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé tó bí i. Nítorí náà, nígbà tí dókítà béèrè pé ṣé ẹnìkan nínú ẹbí ti ní irú àìsàn yìí rí, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Rárá o.” Nígbà tó béèrè pé, “Ṣé Màmá ti ń rò ó láti pa ara wọn?” ó fò lórí àga. “Ọlọ́run ò ní jẹ́! Ẹnu kì í sọ ọ́, dókítà! Ara ló kàn rẹ̀ wọ́n.” Dókítà wò mí. Mo wo èékánná mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́.

“Irọ́ ni.” Màámi ni. A ti gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti dàgbà débi pé àwọn èèyàn máa ń rò pé wọ́n ń sùn. Wọ́n fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. “Dókítà, irọ́ ni Gàní ń pa. Èmi ni mo ní i. Nígbà tí mo bí Múrítàlá. Wọ́n ní mo lọ sọ́jà. N ò lọ ọjà kankan. Mo fẹ́ kú ni. Ráṣẹ́ẹ̀lì àbúrò mi ló rí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló di aṣọ mi mú, ló pariwo.” Bọ̀ọ̀dá Gàní ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́.” “Dákẹ́. Èmi ti dákẹ́ tó. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ta ló kú rí tó padà wá sọ ọ́? Ojú ti èmi o, ó tì mí gan-an. Ibi tí ojú ti ń tì mí náà ni mo ti tọ́ Múrítàlá tó fi ń wa tírélà, tí mo rí ìgbéyàwó Sìdí, tí mo jẹ ẹran iléyá títí eyín fi tán. Ẹ̀sín yá, dókítà. Ẹ̀sín dára.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Sìdí. Ìwọ ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Dá wọn lóhùn.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Mò ń rò ó. Láàárọ̀ yìí mo rò ó.” Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo bú sẹ́kún, ẹkún ọmọdé, tó ń gbọn èèyàn. Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, Màmá. Ẹ ò ní lọ sílé lónìí. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ó sùn, a ó sì jọ máa wò ó.” Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹ èékánná tó ń mu ìka tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, ibi tí ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ lára mi ni òun ń wá. Mo ní ṣé ó ní àyè gan-an, torí ìtàn náà ní iṣu nínú.

Fóònù Bọ̀ọ̀dá Gàní ló dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, ó ní àwọn àna ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń béèrè ibi tí bàbá ìyàwó wà, kí ni kí òun sọ fún wọn? Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. Ó wo Màámi, ó wo èmi, ó wo fóònù náà. “Tan sípíkà kí gbogbo wọn gbọ́,” ló wí, ó sì tan ti fóònù tirẹ̀ náà. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àna mi. A wà ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ. Àbúrò mi ló fẹ́ pa ara rẹ̀, a ò sì jẹ́ kó kú. Ìyá mi náà ti ní i rí. Bí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ wa mọ́, mi ò bínú, ẹ ṣáà mu omi kí ẹ tó máa lọ.” A ń gbọ́ fáànù pálọ̀ rẹ̀ láti Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin àgbà kan wá, ìyá ọkọ Bàsírà ni, a ò tíì rí ara wa rí. Ó ní, “Alhaji, a ò lọ síbì kankan. Wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n wà? Ọmọ tèmi náà ti sùn níbẹ̀ rí.”